Oògùn Mẹ́ta fún Èémí Ẹ̀fúùfù

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì

Dókítà àyà ti sọ ọ́: ìnhélà búráùn, oògùn tí à ń fi ẹnu fà sínú, nìkan kò tó ọkọ mi mọ́. Ẹ̀rọ ńlá ilé ìwòsàn fi hàn pé ikọ́ fée rẹ̀ ti kúrò ní kékeré, ó ti di ti àárín. Ọkọ mi bi í pé àárín kí ni.

"Àárín àwàdà àti ẹkún, sà," ni dókítà dá a lóhùn. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀nà mẹ́ta ló là sílẹ̀. Àkọ́kọ́, kí a sọ búráùn di ìlọ́po méjì, nítorí òun ni oògùn tó ń pẹ̀tù sí wíwú inú ọ̀nà èémí. Ìkejì, kí búráùn dúró bó ṣe wà, kí a wá fi hóró kan tí wọ́n ń gbé mì ní ìrọ̀lẹ́ kún un. Ìkẹta, kí a pa búráùn tì, kí a gba ìnhélà àlùkò, tí oògùn méjì wà nínú rẹ̀: ọ̀kan ń pẹ̀tù sí wíwú, èkejì ń di ọ̀nà èémí mú kó má tètè há. Búlúù, tó ń là á kíákíá bí èémí bá há, kò ní kúrò nínú àpò rẹ̀, ọ̀nà yòówù kí a gbà. Dókítà fúnra rẹ̀ fara mọ́ àlùkò. Ó ní òun ni ìwádìí tì lẹ́yìn jù. Ṣùgbọ́n ó lè mú ọwọ́ gbọ̀n. Búráùn púpọ̀ lè mú ohùn ha, kí ó sì ba inú ẹnu jẹ́. Hóró lè mú àlá burúkú wá, kí ó yí ìwà ènìyàn padà.

Ọkọ mi wo ìka rẹ̀, ó fọwọ́ kan ètè rẹ̀. Afọnfèrè idẹ ni. Òun ni àkọ́kọ́ nínú àwọn afọnfèrè ẹgbẹ́ orin gbọ̀ngàn ìlú, ipò tó dì mú láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Karùn-ún, olùdarí tuntun yóò gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó sọ ẹni tí yóò jókòó síbo. Àgbà tí kò bá yege, yàrá tí wọ́n ń kó fèrè pamọ́ sí ló ń lọ, láti máa nu idẹ títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì.

Mo ní kí a dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, kí a máa wọn èémí rẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ni mo ti ń jẹun. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn. Dókítà ní kò wu òun tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun gbà, bí a bá ti lè sáré wá tí nǹkan bá yí padà.

Eruku lónìí. A ò rí òkè tó wà lẹ́yìn pápá ibi iṣẹ́ wa rárá.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kejì

Mo ra ọ̀pá èémí: ọ̀pá oníke kan tí a ń fẹ́, tí ìtọ́ka pupa inú rẹ̀ ń sáré lọ síbi nọ́ńbà. Bí èémí bá ṣe lágbára tó ni nọ́ńbà ṣe ń ga tó. Ọkọ mi mí sínú, ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tú u sílẹ̀ fọ́ọ̀. 610. Èmi tí mi ò kọ́ fèrè rí, 390. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé wa láti ìgbà tó ti fi iṣẹ́ aṣọ rírán sílẹ̀, gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi, ó fẹ́ ẹ títí omi fi yọ lójú rẹ̀. 240.

"Ìyàwó, ta ló ní àìsàn gan-an nínú ilé yìí?"

"Wọn ò ṣàdédé máa pè mí ní Ẹ̀fúùfù," ni ọkọ mi wí. Orúkọ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn.

Mo ka 610 náà sí agbára ẹni tó ti pẹ́ nídìí fèrè. Ìlọ́po búráùn bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kejì

600, 615, 605. Kò gòkè, kò sọ̀. Ó ń sùn dáadáa, èyí tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀. Ikọ́ àárọ̀ nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti ń ha. Ó pè mí láti balùwẹ̀, mo rò pé ọkùnrin àjèjì ló wọlé.

Búráùn ti gbówó lórí. Mo bi ọmọbìnrin ilé oògùn léèrè ìdí. Ó ní òun náà kàn dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, òun bá a bẹ́ẹ̀ ni.

Afẹ́fẹ́ àríwá, eruku síbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kejì

Nǹkan funfun ti yọ lórí ahọ́n rẹ̀ àti ní igun ètè. Mo bi í bóyá ó ń fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn tó bá fa ìnhélà tán, bí dókítà ṣe kìlọ̀ fún un.

"Mò ń mu omi."

"Mi ò ní kí ẹ mu ún. Kí ẹ fi yọ ẹnu, kí ẹ tu ú dànù."

"Ìyáàfin Ojú Ọjọ́, ṣebí ẹnu náà ni omi gbà kọjá."

Ó gbìyànjú fèrè. Ètè rẹ̀ kò lè dúró lẹ́nu fèrè. Ohùn ń já mọ́ ọn lẹ́nu bí òwú tó ti gbó. Ó gbé fèrè padà sínú àpótí, kò sì pa àpótí dé. Ẹ̀gbọ́n ló lọ pa á dé. Ó ní gbogbo àìsàn yìí kò ṣẹ̀yìn ojú fèrèsé tí àbúrò òun máa ń jókòó sí láti kékeré, atẹ́gùn ti fẹ́ wọ inú egungun rẹ̀. Mi ò jà. Ọjọ́ ìsinmi ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta

Dókítà fún un ní oògùn ẹnu, ó dá búráùn padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀, hóró ìrọ̀lẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé kò tóbi ju kóró ọsàn lọ. Mo retí nǹkan tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta

640 láàárọ̀ yìí, èyí tó ga jù látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Funfun ẹnu ti lọ. Bí a bá ní kí n mú ọ̀kan lónìí, hóró ni ǹ bá mú.

Àlá ti bẹ̀rẹ̀ o. Bí a ṣe ń jẹun àárọ̀ ló ń rò ó: gbogbo ẹgbẹ́ ti jókòó, olùdarí ti gbé ọwọ́ sókè, òun fọwọ́ kan ojú òun, kò sí ẹnu níbẹ̀. Lánàá, níbi ìdánrawò, ó sọ fún afọnfèrè kejì, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń bá a gbé àpótí, pé fèrè rẹ̀ ń dún bí ìlẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí.

"Mi ò bínú nígbà tí mo sọ ọ́," ni ó wí fún wa, tó ń pariwo.

Nígbà tó jáde tán, ẹ̀gbọ́n gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Àbúrò mi kì í ṣe onísọkúsọ. Ìyàwó, ẹ lọ wo ohun tí ẹ ń fún un jẹ."

"Nọ́ńbà rẹ̀ ò dára tó báyìí rí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé nọ́ńbà ni ìyá wa bí lé mi?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi dé ibi iṣẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta

Ìnhélà búlúù ti tán. Kò yẹ kó tíì tán.

Ọjọ́ Ajé, 31 Oṣù Kẹta

Mo bi í léèrè búlúù. Ó ní òun máa ń fà á kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀, kí ọkàn òun lè balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu: ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun bá a lẹ́ẹ̀mejì níbi tí àtẹ̀gùn ilé wa ti pín, ó dúró, ó ń wá kọ́kọ́rọ́.

"Kí ló burú nínú kí èèyàn wá kọ́kọ́rọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ ẹ, àbúrò."

Níbi iṣẹ́ wa, bí irinṣẹ́ bá ń sọ pé oòrùn ń ràn, tí aṣọ ẹni sì tutù, irinṣẹ́ la kọ́kọ́ ń fura sí. Mo lọ yá ọ̀pá èémí mìíràn ní ilé oògùn. Ó fẹ́ ẹ: 635. Èmi fẹ́ ẹ: 390, bíi ti àtẹ̀yìnwá. Irinṣẹ́ kò ní ẹ̀bi. Ọkùnrin tó ń fẹ́ 635 kò yẹ kó máa sinmi lórí àtẹ̀gùn. Mo yí tábìlì ká, mo tún yí i ká, títí tó fi ní kí n jọ̀ọ́ kí n jókòó, mò ń mú kí àárẹ̀ mú òun.

Mo pe dókítà lórí àlá àti ìbínú. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní kí a dá hóró dúró lónìí, kí búráùn máa lọ, kí a wá rí òun ní ọjọ́ kọkànlá oṣù tó ń bọ̀. Ó bi mí bóyá èémí rẹ̀ dára. Mo ní gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà ṣe sọ, ó dára.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹrin

A ò dé ọjọ́ kọkànlá.

Èémí rẹ̀ há láàárọ̀ yìí láàárín ìdánrawò. Ó fa búlúù, ó tún fà á, kò tó. Olùdarí dá orin dúró, afọnfèrè kejì sì gbé e wá sí ilé ìwòsàn nínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Nígbà tí mo dé, ó jókòó ṣánṣán lórí bẹ́ẹ̀dì, ìbòmú oògùn wà lójú rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀. Kò lè parí gbólóhùn kan. Ó na ìka sí afọnfèrè kejì, ó ní, "Sọ fún un… ìlẹ̀kùn…" Ọmọ náà ní, "Mo ti gbọ́, sà. Ẹ má sọ̀rọ̀."

Ọ̀sán ni ara rẹ̀ tó rọlẹ̀. Dókítà wá, ó ní kí n ka ìwọ̀n wa sétígbọ̀ọ́ òun. Mo kà á. Ó wò mí, ó wo ọkọ mi.

"Ẹni tó ń fẹ́ 640 kọ́ ni wọ́n gbé wọlé wá bá mi láàárọ̀ yìí." Ó gbé ọ̀pá lé e lọ́wọ́. "Ẹ fẹ́ ẹ, sà. Ojú yín ni mo fẹ́ wò."

Ọkọ mi mí sínú, ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, fọ́ọ̀. 520, lórí bẹ́ẹ̀dì àìsàn.

"Ẹ dákun, ṣé báyìí ni ẹ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ohùn òkè lórí fèrè?"

"Báwo ni èèyàn tún ṣe ń fẹ́ nǹkan?"

"Ẹ ń fi ahọ́n dí ojú ihò, ẹ ń kó afẹ́fẹ́ jọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ wá ń tu ú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ni ọ̀pá yìí ti ń wọ̀n láti oṣù méjì sẹ́yìn, sà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín le koko. Kò sí ohun tó ń ṣe é."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ mi mú, bí ẹni tó fẹ́ fi oògùn sẹ́nu ọmọdé. "Ẹ ya ọ̀fun sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mí èémí sójú dígí. Ẹ má fọn ọ́n. Ẹ fẹ́ ẹ."

290.

Ọkọ mi gbé ọ̀pá kalẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. "Dókítà, mi ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ."

"Mo mọ̀, sà. Iṣẹ́ ló ti mọ́ yín lẹ́nu."

Mo rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nọ́ńbà ni mo kọ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Oṣù Kẹrin

Ó ti délé. Mo ti fa ìlà la gbogbo nọ́ńbà láti Oṣù Kejì kọjá. Bí a bá yọ wọ́n kúrò, ohun tí ojú wa rí nìkan ló kù. Ìlọ́po búráùn jẹ́ kó sùn, ṣùgbọ́n ó ba ẹnu jẹ́, a ò sì mọ bí ìbá ṣe rí ká ní ó ń yọ ẹnu. Hóró kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ìgbà tirẹ̀ náà ni búlúù tán láìtọ́jọ́. Èyí tó kù ni àlùkò.

Dókítà ní ìdánwò tiwa ti parí, tòun ló kù. Àlùkò láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú hóró alágbára kan, tí kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀, fún ọjọ́ díẹ̀ láti pa iná tó ṣì ń jó nínú àyà rẹ̀. Owó àlùkò kan á ra búráùn mẹ́ta.

"Bí ọwọ́ mi bá wá ń gbọ̀n ńkọ́?" ni ọkọ mi bi wá, bí ẹni pé àwa la ṣe oògùn náà.

"Ọwọ́ tó ń gbọ̀n sàn ju ọwọ́ tí kò mira mọ́ lọ," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó sì dìde lọ wo ìkòkò rẹ̀ lórí iná.

Ó fa àlùkò. Ó yọ ẹnu. Àwọn tó ń gbé òkè wa gbọ́ bó ṣe yọ ọ́.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Kẹrin

Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò pọ̀: ife ń dún lórí àwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí orin ti yá, ìka rẹ̀ ń tẹ bọ́tìnì fèrè méjì pọ̀ níbi tó ti yẹ kó tẹ ọ̀kan. Ó ṣe é, ó tún un ṣe, ó sì lọ dúró sí ìta. Dókítà ní gbígbọ̀n náà sábà máa ń lọ bí ara bá ti mọ oògùn, kí a ní sùúrù. Mo bi í pé títí dìgbà wo. Ó ní ara kì í mú kàlẹ́ńdà dání.

Òjò àkọ́kọ́ lónìí. Ó pa eruku.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kẹrin

400. Lánàá, 390. Èémí gidi ni. Ẹ̀gbọ́n ló ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú láràárọ̀; ó ní láti kékeré ni òun ti ń wá ẹni tí yóò fún òun láyè láti di ẹnu ọmọkùnrin yìí. Ife kò dún lórí àwo mọ́. Kò fọwọ́ kan búlúù ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí, ó sì gun àtẹ̀gùn wọlé lánàá tó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ.

Mo sọ fún un pé mi ò tíì lè jẹ́rìí sí àlùkò. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni àlùkò, hóró alágbára àti òjò wọlé dé. Èwo nínú wọn ló ṣe iṣẹ́ yìí?

"Ṣé gbogbo nǹkan ló gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó rẹ́rìn-ín gidi. Mo dúró de ikọ́ tó máa ń tẹ̀lé e. Kò wá.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Oṣù Karùn-ún

Wọ́n ti gbọ́ ọ. Mo jókòó sórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ̀ngàn, mo fi etí sí ìlẹ̀kùn. Ìka rẹ̀ kò ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ohùn gígùn tó wà ní ìparí, ibi tí òun nìkan ń fọn, dúró gbọin. Ṣùgbọ́n ó mí lẹ́ẹ̀kan kí ó tó dé ibẹ̀, níbi tí kò ti mí rí láti ọdún tí mo ti ń gbọ́ orin náà. Mo mọ̀ ọ́n. Mo gbàdúrà kí olùdarí má mọ̀ ọ́n.

Olùdarí jáde, ọkùnrin tó kéré sí wa dáadáa, ó kí mi dáadáa. Ó yíjú sí ọkọ mi.

"Bàbá, fèrè yín dùn. Mo gbọ́ ibi tí ẹ ti mí."

"Orin náà fàyè gbà á níbẹ̀."

"Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fàyè gbà á lóòótọ́." Ó pa ìlẹ̀kùn dé lẹ́yìn rẹ̀. "Tó bá jẹ́ etí mi nìkan ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n iwájú gbogbo wa ni wọ́n ti gbé yín jáde lóṣù tó kọjá. Àwọn ọ̀gá fẹ́ gbọ́ látẹnu ilé ìwòsàn."

Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ kò gùn: pé ẹ̀rọ ńlá ti rí i pé èémí rẹ̀ sàn ju ti Oṣù Kejì lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yàrá fèrè. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni wọn yóò lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri.

Ó rìn wá sílé. Ó kọ̀ láti wọ ọkọ̀. Kò dúró lọ́nà, èmi ni mo ń sọ pé kó rọra.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Karùn-ún

Ó ti fẹ́ ẹ̀rọ ńlá láàárọ̀ yìí. Ẹ̀tàn ẹnu kò lè mú ẹ̀rọ yẹn, nítorí ó ń fa ìlà èémí láti ìbẹ̀rẹ̀ títí yóò fi tán pátápátá, ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò lè dé. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ mú un fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo na ọrùn láti wo ìlà náà. Ó yí ojú ẹ̀rọ kúrò lọ́dọ̀ mi. Ó ní dókítà nìkan ló lè sọ ohun tó wà níbẹ̀, dókítà sì wà lọ́dọ̀ aláìsàn kan tí kò ṣe é fi sílẹ̀. Ó ní dókítà yóò pe àwa àti olùdarí kí ó tó kúrò níbi iṣẹ́.

Afẹ́fẹ́ ti yí padà sí àríwá láti ọ̀sán. Òjò kò sí. Ọkọ mi ń mí dáadáa nínú rẹ̀, bí ojú mi ṣe rí i. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: bí ojú mi ṣe rí i.

Tẹlifóònù dún lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ni, láti yàrá ẹ̀yìn, ó ń bèèrè bóyá wọ́n ti pè. Ọkọ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ògiri kan ló wà láàárín wa." Ẹ̀gbọ́n ní òun ò fẹ́ kí òun wá rí ojú wa.

Ó tún dún. Olùdarí ni. Òun náà kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ó ti kọ orúkọ gbogbo wọn tán, ó ku ti orí ìlà àkọ́kọ́. Ó ní òun ṣì wà ní ọ́fíìsì.

Oòrùn ti ń wọ̀. Dókítà kò tíì pè.